Bí A Ṣe Lè Mọ̀ Bóyá Omi Ilé Wa ní Amẹ́ríkà Ṣeé Mu

Ohun tí ó yẹ kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ilé ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ wádìí ni ibi tí omi ilé náà ti ń wá, nítorí pé òfin omi mímu tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 1974 ń dáàbò bo omi tí ilé iṣẹ́ omi ń fà wá fún ará ìlú, ṣùgbọ́n kò kan kànga tí onílé gbẹ́ sí àgbàlá rẹ̀. Ẹni tí ó ń gba ìwé owó omi ń lo omi ìlú. Kí ayálégbé bi onílé rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ omi ìlú gbọ́dọ̀ fi ìròyìn bí omi ṣe rí ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ́dọọdún, kí ọjọ́ 1 oṣù Keje tó kọjá. Ní Prince George's County ní Maryland, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, ilé iṣẹ́ omi WSSC Water tí ó ń fa omi odò Potomac àti Patuxent ni ó ń ṣe é. Ẹ fi iye tí wọ́n bá nínú omi wé iye tí òfin gbà láàyè, èyí tí wọ́n kọ MCL sí lórí. Ti òjé (lead), irin rírọ̀ tí ó jẹ́ májèlé, yàtọ̀: inú àwọn ilé díẹ̀ ni wọ́n ti ń bu omi rẹ̀ yẹ̀ wò, nítorí náà ìròyìn náà kò lè sọ bí ti ilé yín ṣe rí.

Òjé kì í sábà ti inú odò wá. Inú páìpù àti ojú ibi tí wọ́n ti jó páìpù pọ̀ ni omi ti ń kó o. Ọdún 1986 ni ìjọba fòfin de páìpù òjé, nítorí náà kí ẹni tí ilé rẹ̀ ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ fi kọ́kọ́rọ́ ha páìpù tí ó gba abẹ́ ilẹ̀ wọlé. Bí ó bá rọ̀, tí ojú ibi tí a ha ń dán bíi fàdákà, tí irin òòfà kò sì lẹ̀ mọ́ ọn, òjé ni. Irú ilé bẹ́ẹ̀ nílò asẹ́ omi tí wọ́n kọ NSF/ANSI 53 (àmì pé wọ́n ti dán asẹ́ náà wò) àti òjé (lead) sí lára páálí rẹ̀. Omi tútù nìkan ni kí ẹ máa fi se oúnjẹ tàbí po mílíìkì ọmọ, nítorí omi gbígbóná máa ń tètè yọ òjé lára páìpù.

Kí oníkànga yẹ omi rẹ̀ wò lọ́dọọdún, pàápàá fún kòkòrò àìfojúrí àti nitrate, èròjà tí ó máa ń ti inú ajílẹ̀ ṣàn wọ inú omi. Ẹ̀ka ìlera kántì yóò júwe ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Ìgò tí wọ́n bá fún yín ni kí ẹ lò, ẹ má ṣàn án, ẹ má sì fọwọ́ kan inú rẹ̀. Bí nitrate bá kọjá mílígíráàmù 10 nínú lítà kan, ẹ má fi omi náà po oúnjẹ fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6, nítorí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ọmọ gbé afẹ́fẹ́ káàkiri ara.

Sísè tí àwọn òbí wa fi kọ́ wa dára, ṣùgbọ́n kòkòrò ni iná ń pa. Kò ran òjé, ńṣe ni ó sì ń mú kí nitrate ki sí i. Bí kántì bá kéde pé kí ẹ se omi, ẹ jẹ́ kí ó hó yaya fún ìṣẹ́jú 1 gbáko, tàbí ìṣẹ́jú 3 ní ibi tí ó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 6,500 lọ. Bí ìkéde bá ní kí ẹnikẹ́ni má lo omi rárá, omi inú ìgò nìkan ni kí ẹ mu. Nígbà tí wọ́n bá sì ká ìkéde náà kúrò, ẹ ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi tútù kí èyí tí ó ti dúró nínú páìpù ṣàn dànù, kí ẹ sì da yìnyín inú fíríìjì nù.