Bá a ṣe ń ṣe ECP fún góòlù, ẹ̀yin ará kẹ́mísìrì Abẹ́òkúta

Góòlù ní elẹ́kítírọ́ọ̀nù 79, tẹ́ ẹ bá ní gbogbo ẹ̀ lẹ máa ṣírò lórí laptop tó ń lo jẹnẹrétọ̀ ní Camp, ilẹ̀ á mọ́ bá yín, epo á sì ti tán. ECP (effective core potential) á kó àwọn tinú lọ́hùn-ún kúrò, á fi pòtẹ́ńṣíà kan rọ́pò wọn, torí wọn kì í sábà dá sí ọ̀rọ̀ bond (ìdè tó so átọ̀mù pọ̀): bí agboolé Ìtòkò ló rí, ẹni tó wà ní yàrá inú kì í bá oníbàárà ná ọjà, ará ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń nájà. Relativity náà, ìyẹn ipa tí eré àsápajúdé àwọn elẹ́kítírọ́ọ̀nù ń ní, tó lágbára gan-an lára góòlù, á ti bá pòtẹ́ńṣíà yẹn wọlé.

Ibi tẹ́ ẹ máa gé e sí gan-an niṣẹ́, ẹ má kánjú níbẹ̀ o. 60 la máa ń yọ, ìyẹn 2, 8, 18 àti 32 tó wà ní ìpele mẹ́rin àkọ́kọ́, á wá ku 19 nínú àwọn orbital tó wà lóde: 5s méjì, 5p mẹ́fà, 5d mẹ́wàá, 6s kan. Àwọn kan á ní 5s àti 5p ti kún, ẹ jẹ́ ká yọ ìyẹn náà ká fi 11 sílẹ̀. Á yá lóòótọ́, àmọ́ 5p ò jìnnà sí 5d rárá, tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, 5d á máa ṣe ségesège. Èmi ò ní gbà.

Lẹ́yìn náà ẹ ṣe Dirac-Hartree-Fock (ìṣírò Hartree-Fock tó ka relativity mọ́ ọn) fún átọ̀mù náà pẹ̀lú gbogbo elẹ́kítírọ́ọ̀nù ẹ̀, Au, Au⁺, Au⁻, Au²⁺, ẹ kó energy wọn jọ, kẹ́ ẹ wá máa yí àwọn Gaussian s, p, d, f (àwọn fọ́múlà tá a fi kọ pòtẹ́ńṣíà náà) títí tí ìyàtọ̀ àárín àwọn energy yẹn á fi bára mu. Gaussian méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣe basis set (àwọn fọ́múlà tá a fi ń kọ orbital) tuntun fún un, ti tẹ́lẹ̀ ò lè bá a mu.

Ó wá ku ká fi AuH (góòlù kan àti háídírójìn kan) dán an wò. Tó bá jẹ́ PySCF (sọ́fítíwíà ìṣírò kẹ́mísìrì) lẹ̀ ń lò, ẹ kọ́kọ́ print mol.nelectron, 20 ló yẹ kẹ́ ẹ rí, tẹ́ ẹ bá rí 80, ẹ ò kọ mol.ecp nìyẹn, torí basis nìkan ò lè pè é wọlé, ó sì máa ṣiṣẹ́ lọ láìbínú, á kó pàǹtí fún yín. Bond AuH nínú láàbù jẹ́ 1.52 Å, àmọ́ ẹ má fi HF (Hartree-Fock) yín wé ìyẹn o! HF ti gbogbo elẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ka relativity mọ́ ọn ni kẹ́ ẹ fi wé e, torí HF fúnra ẹ̀ máa ń jẹ́ kí bond yẹn gùn jù, tẹ́ ẹ bá wá ń yí pòtẹ́ńṣíà kó lè bá 1.52 mu, ẹ̀ ń fi ECP bo àléébù HF mọ́lẹ̀ ni, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá lo CCSD(T), ìyẹn ọ̀nà ìṣírò tó péye ju HF lọ, bond á kúrú jù.