Owó bàbá yín tó sùn sí báńkì: bí ẹ ṣe máa wá a rí àti bí ẹ ṣe máa gbà á

Àpótí irin kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá mi ní Kakuri, Kàdúná. Lẹ́yìn àdúà ogójì ọjọ́ la tó ṣí i, la bá bá páàsìbúùkù méjì àti sàtífíkéètì ṣíà mẹ́ta nínú ọ̀rá, ọ̀kan nínú báńkì yẹn gan-an kò sí mọ́, a ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ láti ayé Ọbásanjọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká dáná sun ún jàre, pé ìjọba ti jẹ ẹ́. Mo ní rárá, ẹ kó o fún mi, èmi tí mo ń gbé Abuja tí gbogbo ọ́fíìsì ńlá wọn wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ n bá wọn fà á. Mo fà á tó oṣù mọ́kànlá. Ohun tí ojú mi rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ kọ yìí, kí ẹlòmíì má baà rin ìrìn kan náà lẹ́ẹ̀mejì bíi tèmi.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ibi tí owó yẹn ń lọ. Tí ẹnikẹ́ni ò bá fọwọ́ kan àkáǹtì fún ọdún kan gbáko, báńkì máa kà á sí èyí tó ti sùn, òun ni wọ́n ń pè ní dọ́máǹtì. Tó bá sùn bẹ́ẹ̀ tó pé ọdún 10, ìlànà tí CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, gbé jáde ní July 2024 ní kí báńkì kó o lọ sọ́dọ̀ CBN, sínú àpò kan tí wọ́n ń pè ní Unclaimed Balances Trust Fund. CBN lè fi ra trẹ́sìrì bíìlì o, ìwé tí ìjọba fi ń yá owó, àmọ́ kò di tiwọn, ẹni tó ni ín tàbí ọmọ tó jogún ẹ̀ ṣì lè bèèrè ẹ̀. Àkáǹtì tí ẹjọ́ wà lórí ẹ̀ tàbí tí wọ́n fi dúró fún gbèsè, wọn kì í gbé ìyẹn. Ti ṣíà yàtọ̀ díẹ̀, màá débẹ̀.

Ẹ má wá torí ẹ̀ gbéra lọ sí CBN ní Central Area o, epo lásán lẹ máa jó. Báńkì tí àkáǹtì wà ni ẹ máa lọ, wọ́n á fún yín ní fọ́ọ̀mù, ẹ ó kún un, báńkì fúnra ẹ̀ ló máa fi ránṣẹ́ sí CBN, ìlànà yẹn sì fún CBN ní ọjọ́ iṣẹ́ 10 láti dá owó padà tí ìwé bá ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọjọ́ 10 dùn ún gbọ́ létí, kí ìwé tó pé gan-an ni iṣẹ́ wà. Tí owó ò bá tíì kúrò ní báńkì, tó kàn sùn lásán, ó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ kàn máa jí i ni, wọn ò sì gbọ́dọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín láti jí àkáǹtì.

Báńkì wo wá ni? Orúkọ tí ẹ bá rí lára páàsìbúùkù lè jẹ́ èyí tí ọmọ ìsinsìnyí ò gbọ́ rí. Nígbà tí Soludo jẹ́ gómìnà CBN tó ní kí báńkì kọ̀ọ̀kan wá 25 bílíọ̀nù náírà kalẹ̀, báńkì 89 ló di 25 kí 2005 tó parí, ńṣe ni wọ́n ń gbé ara wọn mì. Ẹ̀yin tí bàbá yín ṣiṣẹ́ ní Òkè Ọya, Bank of the North ló pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn àgbà, inú Unity Bank ló wọ̀ ní 2006, òun àti Intercity Bank, New Africa Bank pẹ̀lú Tropical Commercial Bank. Inland Bank di FinBank, FinBank bọ́ sọ́wọ́ FCMB ní 2012. Habib Bank di Bank PHB, Bank PHB di Keystone ní 2011. Afribank di Mainstreet, Mainstreet wọ inú Skye, Skye di Polaris ní 2018, orúkọ mẹ́rin fún owó kan ṣoṣo! Oceanic lọ sí Ecobank, Intercontinental àti Diamond lọ sí Access, Standard Trust lọ sí UBA. Ọmọ tó jókòó síbi kọ́ńtà lè má mọ èyíkéyìí nínú ẹ̀, wọn ò tíì bí òmíì nínú wọn nígbà yẹn, ẹ ṣáà ní kó pe ọ̀gá ẹ̀ fún yín. Kí ẹ tó jáde nílé pàápàá, ẹ wo ìkànnì báńkì yẹn, CBN ní kí wọ́n máa gbé orúkọ àwọn tó ni àkáǹtì tó sùn síbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹ̀ka tí àkáǹtì wà.

Bí ẹ bá wá ń wá orúkọ, ẹ fara balẹ̀. Èyí ló jẹ oṣù mẹ́rin nínú oṣù mọ́kànlá tèmi. Ràímì là ń pe bàbá mi nílé. Abdulraheem ló wà lára ìwé ìfẹ̀yìntì wọn. Akọ̀wé tó ṣí àkáǹtì fún wọn, mo fura pé ọmọ Katsina ni, kọ ọ́ sí Rahimu, kò sì bèèrè orúkọ ìdílé, ìlú tí èèyàn ti wá ni wọ́n máa ń fi ṣe sọ́néèmù níbẹ̀, ó bá kọ Rahimu Ogbomosho. Mo ti wá Abdulraheem tí mo wá Raimi títí, kò sí. Ìyá mi ló rẹ́rìn-ín tó ní ṣebí gbogbo ọjà ló mọ̀ wọ́n sí Rahimu. Torí náà ẹ jókòó ti àwọn àgbà kí ẹ tó jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ẹ bèèrè orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ níbi iṣẹ́, lọ́jà, nínú ẹgbẹ́, orúkọ tí ìyá yín ń jẹ́ kí wọ́n tó relé ọkọ, orúkọ kí wọ́n tó di Alhaji. Ẹ gbìyànjú Sulaimon àti Sulaiman, Fatimo àti Fatima, Muritala àti Murtala, ẹ yọ H, ẹ fi H sí i, ẹ fi orúkọ ìdílé ṣáájú, ẹ tún fi ṣẹ́yìn.

Tí ẹ bá rí i tí orúkọ ò bára mu, kọ́ọ̀tù ni ẹ máa lọ gba afidéfíìtì, ìwé ìbúra, pé Rahimu Ogbomosho àti Abdulraheem báyìí-báyìí, ẹnì kan náà ni. Báńkì míì á ní kí ẹ tún gbé e sínú ìwé ìròyìn, ẹ ṣe é, ẹ má bá wọn jà. Fọ́tò bàbá mi tó wà lára páàsìbúùkù ló gbà mí jù, ojú ò ṣeé kọ ní ọ̀nà méjì.

Tí ẹni tó ni ín bá wà láàyè, ó tán, káàdì ìdánimọ̀, BVN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí báńkì ń fún èèyàn), ẹ̀rí pé òun ló ni àkáǹtì àti ẹ̀rí ibi tó ń gbé. Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé 2014 ni BVN bẹ̀rẹ̀, àkáǹtì tó ti sùn ṣáájú ìgbà yẹn ò lè ní in, ìdí nìyẹn tí wọ́n á fi ní kí ẹ wá fúnra yín. Àmọ́ tí ẹni náà bá ti kú, ẹ má lọ bá báńkì pẹ̀lú ẹnu lásán. Letter of Administration, ìwé tí kọ́ọ̀tù fi ń fún ẹbí láṣẹ lórí dúkìá olóògbé, ni wọ́n máa bèèrè, àfi tí olóògbé bá kọ ìwé ìhágún sílẹ̀, probate nìyẹn. Ọ́fíìsì probate ní High Court ni wọ́n ti ń gbà á, ti àwa ará Abuja wà ní Maitama, bàbá tèmi tó jẹ́ pé Kàdúná ló kú sí, Kàdúná ni mo lọ. Ẹ máa nílò ìwé ẹ̀rí ikú láti National Population Commission, fọ́tò, àwọn tó máa dúró fún yín, àti àkọsílẹ̀ gbogbo nǹkan tí olóògbé fi sílẹ̀. Ẹ kọ gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà o! Èmi gbàgbé ṣíà, mo kọ báńkì nìkan, mo tún padà lọ bẹ̀rẹ̀ ní òdo. Alikali, adájọ́ kọ́ọ̀tù Ṣáríà, ti pín ogún fún wa tẹ́lẹ̀, mo rò pé ìwé ẹ̀ á tó, báńkì tí mo lọ ò gbà á, akọ̀wé yẹn kàn ń sọ fún mi pé "sai gobe", ó dọ̀la, títí mo fi wá bèèrè lọ́wọ́ lọ́yà.

Báńkì tó kú pátápátá, tí ẹlòmíì ò rà, NDIC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo owó tí èèyàn fi sí báńkì, ló ni ẹjọ́ ẹ̀. Ọ́fíìsì wọn wà ní Constitution Avenue níbí, wọ́n sì wà ní Kano, Bauchi, Sokoto. Heritage Bank tí CBN gba láísẹ́ǹsì ẹ̀ ní June 2024, àkáǹtì míì tí àwọn oníbàárà ní lábẹ́ BVN kan náà ni NDIC ń sanwó sí, ẹni tí kò ní ló ní láti lọ fúnra ẹ̀. Iye tó pọ̀ jù tí NDIC máa kọ́kọ́ san fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan tí báńkì bá kú ti gòkè láti ₦500,000 sí ₦5 mílíọ̀nù láti May 2024, ti máíkíróófáínáǹsì jẹ́ ₦2 mílíọ̀nù. Ohun tó bá lé lórí ẹ̀, ẹ máa dúró dìgbà tí wọ́n bá ta dúkìá báńkì yẹn tí wọ́n gba gbèsè ẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń pín in.

Ó wá ku ṣíà. SEC, àjọ tó ń bójú tó ọjà ṣíà, fúnra wọn ti sọ pé dífídẹ́ǹdì, èrè tí ilé iṣẹ́ ń pín fún àwọn tó ní ṣíà, tí kò rí olówó ju 100 bílíọ̀nù náírà lọ, kò sì yà mí lẹ́nu. Ní 2007 sí 2008 gbogbo èèyàn ló ń ra ṣíà, wọ́n ń fi orúkọ ìyàwó rà, wọ́n ń fi orúkọ ọmọ tó wà ní jẹ́lé-ó-sinmi rà, ọjà wá wó, kálukú gbàgbé. Ara sàtífíkéètì ni ẹ ti máa rí orúkọ rẹ́jísítírà, ẹni tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn tó ní ṣíà, òun ni ẹ máa wá, kì í ṣe ilé iṣẹ́ fúnra ẹ̀. Àwọn náà ń pààrọ̀ orúkọ: UBA Registrars ti di Africa Prudential, Zenith Registrars ti di Veritas. Ẹ gba fọ́ọ̀mù e-dividend lọ́wọ́ rẹ́jísítírà tàbí ní báńkì yín, báńkì á lù ú ní òǹtẹ̀, láti ìgbà náà àkáǹtì ni dífídẹ́ǹdì á máa wọ̀ tààrà. Ẹ má fi falẹ̀ o. Finance Act 2020 ní kí dífídẹ́ǹdì àwọn ilé iṣẹ́ tó wà lórí pàṣípààrọ̀ ṣíà tó ti tó ọdún 6 bọ́ sínú àpò ìjọba tí DMO, ọ́fíìsì tó ń bójú tó gbèsè ìjọba, ń bójú tó. Ẹ ṣì lè gbà á, àmọ́ ọ̀nà ẹ̀ gùn ju ti rẹ́jísítírà lọ.

Ẹ̀yin tí bàbá yín ṣiṣẹ́ ilé iṣẹ́ aládàáni kí 2004 tó dé, ẹ wò ó bóyá wọ́n ń yọ NSITF, owó ìfẹ̀yìntì ayé ìgbà yẹn, nínú owó oṣù wọn, Trustfund Pensions ló ń tọ́jú ìyẹn. Tèmi ò rò ó rárá, káàdì kékeré kan nínú àpótí yẹn ló rán mi létí.

Ẹnikẹ́ni tó bá pè yín pé òun wà ní CBN tàbí SEC, pé kí ẹ san owó ìwé kí òun tó tú owó sílẹ̀, tàbí tó ní kí ẹ ka OTP fún òun, ẹ pa fóònù. Mo gba irú ìpè bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín oṣù mọ́kànlá yẹn, mi ò mọ bí wọ́n ṣe mọ̀ pé mò ń wá owó.

Owó báńkì wọlé ní oṣù tó kọjá, kò pọ̀, ó ra òrùlé yàrá méjì. Ṣíà méjì ti wọlé. Ẹ̀kẹta ni rẹ́jísítírà ní sígínéṣọ̀ bàbá mi ò bára mu, torí pé lọ́dún tí wọ́n rà á, àtàǹpàkò ni wọ́n tẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni mo tún ń lọ, páàsìbúùkù ni mo máa mú dání.