Bí Mo Ṣe Yẹ Yàrá Aláìní-gbohùngbohùn Wò

Ọ̀gá mi ní ibi ìwádìí tí mo wà ní Ìlú Ọba ló ní kí n yẹ yàrá náà wò kí a tó wọn áńtẹ́nà tuntun wa nínú rẹ̀. Fóòmù ṣóńṣó tí a rẹ sínú kábọ̀n ló bo ògiri, àjà àti ilẹ̀, kó lè máa gbé ìgbì rédíò mì. Ṣùgbọ́n kò sí fóòmù tó ń gbé e mì tán. Iye tó ń ta padà ni mo ń wá.

Ìgbì 3 GHz, èyí tó ń mì ní ìgbà bílíọ̀nù mẹ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ni mo lò. Gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10. Mo gbé áńtẹ́nà kan tí ẹnu rẹ̀ là bíi ti kàkàkí sí ìpẹ̀kun yàrá láti máa ránṣẹ́. Mo gbé èkejì sórí igi tí a lè sún nǹkan lórí rẹ̀, níbi tí áńtẹ́nà tuntun yóò dúró sí. Mo ń sún un sẹ́yìn ní sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan títí ó fi pé 60, mo sì ń ka agbára tó ń gbà lójú VNA, ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìgbì rédíò. Níbì kan, ìgbì tó ta padà á ran èyí tó wá tààrà lọ́wọ́. Níbòmíràn, á bù ú kù. Ìdí nìyẹn tí òǹkà náà fi ń lọ sókè sódò.

Nígbà tí àwọn méjèèjì kojú síra, 0.1 dB péré ni àlàfo òkè àti odò (dB, ìyẹn dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, ni òṣùwọ̀n tí a fi ń fi agbára méjì wéra). Ìṣirò fi hàn pé ìgbì tó ta padà fi 45 dB rẹlẹ̀ sí èyí tó wá tààrà: −45 dB. Inú mi dùn, ǹ bá sì ti palẹ̀ mọ́ níbẹ̀. Àmọ́ áńtẹ́nà tó kojú síwájú kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ohun tó ń ti ẹ̀gbẹ́ bọ̀. Mo yí i ní dígírì 90 sí ọ̀tún, níbi tí agbára ìgbì tààrà ti lọ sílẹ̀ ní 20 dB, mo tún bẹ̀rẹ̀. Hà! 4 dB! Ìyẹn jẹ́ −13 sí ìgbì tààrà tó ti lọ sílẹ̀; tí a bá fi −20 tó fi lọ sílẹ̀ kún un, ó di −33. Ìtànṣán ẹ̀gbẹ́ áńtẹ́nà wa, ìyẹn agbára tó ń tú sí ẹ̀gbẹ́, yẹ kó wà ní −30. Pẹ̀lú àbàwọ́n yìí, a lè kà á sí −25 tàbí −40.

Níbo ló ti ń wá? Mo wọn àárín òkè kan sí òkè kejì: sẹ̀ǹtímítà 10. Ká ní ògiri ẹ̀yìn ni, 5 ni ì bá jẹ́, ìdajì gígùn ìgbì. Ẹ̀gbẹ́ gan-an ló ti wá. Mo wo ọ̀tún: ilẹ̀kùn ni. Ẹnì kan ti yọ fóòmù mẹ́ta kúrò létí férémù onírin rẹ̀ kí wáyà lè kọjá, kò sì dá wọn padà. Mo dá wọn padà, mo gba ibòmíràn ta wáyà náà, mo tún un wọ̀n: 1 dB, ìyẹn −25; pẹ̀lú −20 yẹn, ó di −45. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, a gbé áńtẹ́nà tuntun wọlé.