Bí A Ṣe Ń Dá Gọ́ọ̀fù Gbá Ní Kùtùkùtù Àárọ̀

Gọ́ọ̀fù dùn lọ́wọ́ ẹgbẹ́, àmọ́ èyí tí èèyàn dá gbá kí oòrùn tó mú, adùn tirẹ̀ yàtọ̀. Láti Iléṣà, ẹ gba ọ̀nà Ìbòkun lọ sí Àdá, níbi tí pápá MicCom wà, pápá oníhò 18. Ẹ ti pè wọ́n lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ bi wọ́n ìgbà tí wọ́n ń ṣí, kí wọ́n sì mọ̀ pé ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń bọ̀.

Ẹ má ru ẹrù jù. Òfin gbà yín láyè ọ̀pá gọ́ọ̀fù 14, ṣùgbọ́n méje tó fún ẹni tó ń dá gbá a. Ẹ mú táwẹ̀lì méjì dání nítorí ìrì, kí ẹ máa nu ojú ọ̀pá kí ẹ tó gbá.

Ẹ má ṣe ka iye tí ẹ gbá. Ètò handicap àgbáyé, tó ń fi nọ́ńbà díwọ̀n bí èèyàn ṣe mọ gọ́ọ̀fù gbá tó, kò tilẹ̀ gba èsì ẹni tó dá gbá. Ìró ni kí ẹ máa gbọ́: bí àárín ojú ọ̀pá bá ba bọ́ọ̀lù, á dún kọ́, ọwọ́ yín ò ní gbọ̀n rárá. Níbi tí àwọn ọ̀rẹ́ ti ń tàkúrọ̀sọ, ẹ ò lè gbọ́ ọ dáadáa.

Orí gríìnì, ibi koríko kúkúrú tí ihò wà, ni mo fẹ́ràn jù, èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì tẹ̀. Ìrì á ti bò ó funfun. Ẹ rọra ti bọ́ọ̀lù. Bó ṣe ń yí lọ, á máa fa ìlà dúdú sínú ìrì, omi á máa ta wínníwínní lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo ìlà yẹn: ibi tó ti tẹ̀ ni ilẹ̀ ti ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ tún un ti láti ibi kan náà, kí ẹ fi ìlà kejì wé àkọ́kọ́. Ìrì a máa fa bọ́ọ̀lù sẹ́yìn, nítorí náà ẹ fi agbára díẹ̀ kún un. Nígbà ọyẹ́, ìrì kì í fi bẹ́ẹ̀ sẹ̀, ìlà náà kì í hàn.

Bí bọ́ọ̀lù bá wọgbó, ìṣẹ́jú 3 lòfin fún yín láti fi wá a. Ọ̀pá ni kí ẹ fi tú koríko, torí ejò. Bí ẹ bá bá àwọn tó ń gé koríko, ẹ kí wọn kú iṣẹ́, kí ẹ dúró títí wọ́n á fi juwọ́ sí yín.

Tí ẹ bá délé, ẹ kó àwọn ọ̀pá jáde nínú àpò, kí ẹ nù wọ́n gbẹ, títí dé ibi ìdìmú, kí irin má bàa dípẹtà.