Bí mo ṣe wọn òjé nínú òkúta wúrà tó wá láti Anka

Agbègbè Anka ní Zamfara ni òkúta wúrà tí wọ́n gbé fún mi ti wá. Apá ibẹ̀ náà ni òjé (lead) ti pa ọmọdé tó ju 400 lọ lọ́dún 2010, torí inú ilé ni wọ́n ti ń fọ́ òkúta tí wọ́n ti ń lọ̀ ọ́, tí eruku ẹ̀ á wá bo àgbàlá tọ́mọ ń rá. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè fọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́ yìí.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan o. Tẹ́ ẹ bá fọ́ òkúta yẹn, ẹ máa rí ibi tó ń dán, tí àwọ̀ ẹ̀ rí bí eérú, tó sì wúwo lọ́wọ́ gan-an. Galena nìyẹn, inú ẹ̀ ni òjé pọ̀ sí. Ẹ na ẹ̀rọ XRF, tó ń fi ìtànṣán X-ray mọ ohun tó wà nínú nǹkan, síbẹ̀, iye tẹ́ ẹ máa rí á já yín láyà, ẹ wá yí òkúta kan náà padà, ó lè máà sí nǹkan kan lẹ́yìn. Ìyẹn ni mi ò ṣe gba ẹni tó bá kan tọ́ka ẹ̀rọ sójú òkúta lẹ́ẹ̀kan tó ní òun ti wọ̀n ọ́n gbọ́ rárá.

Gbogbo ẹ̀ ni mo sá gbẹ, torí omi máa ń jẹ́ kí ẹ̀rọ ka iye tó kéré, mo lọ̀ ọ́ kúnná, mo sẹ́ ẹ. Mo dà á sórí pépà bí òkìtì gààrí, mo tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, mo pín in sọ́nà mẹ́rin, mo mú méjì tó kọjú síra, mo pò wọ́n pọ̀, mo tún pín in, títí ó fi ku ohun tó máa wọ ife kékeré. Mo kọ́kọ́ fi lẹ́bú tí wọ́n ti mọ iye òjé inú ẹ̀ dán ẹ̀rọ wò, kí n tó wá ka tèmi.

Arsenic, májèlé míì, náà wà níbẹ̀ o, àmì tiẹ̀ àti ti òjé lórí ẹ̀rọ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé ní 10.5 keV (keV ni wọ́n fi ń wọn agbára ìtànṣán), torí náà àmì òjé kejì, tó wà ní 12.6 keV, ni mo wò. Mo tún gbé díẹ̀ lọ sí láàbù, wọ́n fi ásíìdì yọ́ ọ, wọ́n fi AAS, ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn irin, kà á, ó bá tèmi mu.

Òjé inú ẹ̀ ju 10,000 ppm lọ, ìyẹn ìdá 10,000 nínú mílíọ̀nù kan. 400 ppm sì ni Amẹ́ríkà fi ṣe ààlà nígbà yẹn fún ilẹ̀ tọ́mọdé ti ń ṣeré!

Mo pe Alhaji tó ni òkúta. Ó ní àpò míì ṣì wà nínú yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíṣìnnì. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ gbé e jáde lónìí, kí wọ́n fomi nu ilẹ̀ ibẹ̀, kí wọ́n má fi ìgbálẹ̀ gbá a, kẹ́ ẹ sì kó àwọn ọmọ lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.