Bí mo ṣe wọ̀n aago ara eku ní Yábàá, táímà ayédèrú fẹ́ẹ̀ sọ gbogbo ẹ̀ dòfo

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ bínú ná. Ọmọkùnrin tó ta táímà fún mi, èyí tó yẹ kó máa tan iná yàrá eku kó sì máa pa á lásìkò, búra pé bátìrì wà nínú ẹ̀, ó ní iná ìbáà lọ á ṣì máa ka àkókò lọ. Irọ́ ni o. Owó eku, owó oúnjẹ wọn, gbogbo ẹ̀ gbẹ.

Iṣẹ́ yẹn gan-an ò le. Nínú sẹ́ẹ̀lì eku, bíi tèmi tìẹ náà, aago kan wà tó ń sọ fún ara ìgbà tó yẹ kó sùn àti ìgbà tó yẹ kó jí: purotéènì CLOCK àti BMAL1 ló ń jí jíìnì Per àti Cry (jíìnì ni ìlànà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe purotéènì), tí purotéènì PER àti CRY bá wá pọ̀ tó wọ́n á padà wá dá àwọn tó jí wọn dúró, tó bá yá àwọn náà á jẹrà, iṣẹ́ á tún bẹ̀rẹ̀, ó ń gbà tó wákàtí 24. Mo kàn fẹ́ fojú ara mi rí i ni: ká mú ẹ̀dọ̀ eku ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, ká wọ̀n bí jíìnì Per2 àti Bmal1 ṣe ń ṣiṣẹ́ tó. Ti yíyọ RNA (ẹ̀dà tí sẹ́ẹ̀lì ń ṣe látara jíìnì) àti PCR tá a fi ń wọ̀n ọ́n, ìyẹn ò tó ohun à ń sọ.

Òkùnkùn ni wàhálà. Iná gbọ́dọ̀ tàn fún wákàtí 12 kó kú fún 12, láìyẹ̀, ní Èkó! Ọ̀sán ò ṣòro, jẹnẹrétọ̀ wà. Lóru ni wọ́n ń pa á, ṣebí òkùnkùn náà la fẹ́, kí táímà ṣáà máa ka àkókò lọ. Àfi bí mo ṣe wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan, aago mẹ́sàn-án ti kọjá, yàrá ṣì dúdú kirikiri, àwọn eku ń sáré lórí wíìlì wọn gírí-gírí bí ẹni pé òru ni. Iná ti lọ lóru, táímà náà sì dúró sójú kan. Ibi tó wá burú sí ni pé lálẹ́, ìgbà tó yẹ kó ti ṣú fún wọn, gílóòbù á ṣì máa tàn. Ìmọ́lẹ̀ nírú àsìkò yẹn máa ń gbé iṣẹ́ jíìnì Per1 sókè nínú SCN, ibi kékeré kan nínú ọpọlọ tó ń gba ìròyìn lọ́dọ̀ ojú, aago ara á bá yẹ̀. Àwọn eku yẹn ò wúlò fún mi mọ́ nìyẹn.

Mo pe ọmọkùnrin náà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, torí eku náà lẹ ṣe ń pariwo báyìí?"

Ínfátà kékeré ni mo padà rà fún táímà nìkan, mo fi náílọ́ọ̀nù dúdú di fèrèsé, a tún wá ń dúró kí ara àwọn eku tó bá iná mu. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ ra ínfátà kẹ́ ẹ tó ra eku, ẹ má gbọ́ ti ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n ó jáde o! Per2 ga nígbà tílẹ̀ ń ṣú fún wọn, Bmal1 wálẹ̀, nígbà tílẹ̀ ń mọ́ ó yí padà rẹ́gí. Ọ̀gá mi wo gráàfù yẹn títí, wọ́n ní ṣé mi ò yí nọ́ńbà. Mo ní ẹ̀dọ̀ tó kù ń bẹ nínú fírísà, kí wọ́n wá tún un wọ̀n. Wọ́n ní ó ti tó.