Bí Ẹ Ó Ṣe Ra Báábékíù ní Texas: Ẹran Tí Ó Yẹ Kí Ẹ Bèèrè àti Iye Tí Ó Tó Kí Ẹ San

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ẹni tí ó fẹ́ jẹ báábékíù, ìyẹn ẹran tí wọ́n fi èéfín igi yan, ní àárín gbùngbùn Texas fi sọ́kàn ni pé orí òṣùwọ̀n ni wọ́n ti ń mọ iye owó rẹ̀. Ẹni tí ń gé ẹran yóò bi yín ní èyí tí ẹ fẹ́ àti bí ó ṣe yẹ kí ó pọ̀ tó, yóò gé e lójú yín, yóò gbé e lé òṣùwọ̀n, yóò sì kó o sórí bébà. Iye tí wọ́n kọ sára pátákó ògiri jẹ́ iye pọ́n-ùn kan, ìyẹn nǹkan bí 454 gíráàmù. Kì í ṣe iye oúnjẹ ẹnì kan. Ọ̀pọ̀ àlejò kì í kíyè sí ìyàtọ̀ yìí títí wọn yóò fi dé iwájú ẹni tí ń gba owó, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó sì rí fún èmi náà nígbà àkọ́kọ́.

Mo ti tò lórí ìlà fún wákàtí méjì lọ́jọ́ náà, ebi ń pa mí, òórùn èéfín igi sì ti gba gbogbo àyíká. Nígbà tí ó kàn mí, mo bèèrè pọ́n-ùn kan igẹ̀ màlúù àti egungun ìhà màlúù ńlá kan, mo tún fi ẹ̀wà àti sàláàdì pòtétò lé e, bẹ́ẹ̀ èmi nìkan ni mo fẹ́ jẹ ẹ́. Owó rẹ̀ lé ní 80 dọ́là, n kò sì tíì jẹ ìdajì rẹ̀ tí mo fi yó. Ẹni tí ó tà á kò rẹ́ mi jẹ, nítorí ohun tí mo bèèrè gan-an ni ó wọ̀n fún mi. Èmi ni n kò ṣírò kí n tó la ẹnu. Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé ìdajì pọ́n-ùn ẹran lápapọ̀ tó fún àgbàlagbà kan, bí ó tilẹ̀ fẹ́ tọ́ oríṣi méjì tàbí mẹ́ta wò, àti pé ìdámẹ́rin pọ́n-ùn ni ó dára kí a fi máa bèèrè ẹran kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú tì yín láti bèèrè díẹ̀. Ẹni tí ń gé ẹran ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́, kò sì ka ẹni tí ó ra díẹ̀ sí ahun.

Títa ẹran lórí òṣùwọ̀n yìí ní ìtàn tirẹ̀. Àwọn ará Jámánì àti àwọn ará Czech tí wọ́n wá tẹ̀dó sí Texas ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ṣí ìsọ̀ ẹran síbẹ̀. Ẹran tútù ni ọjà wọn, èyí tí kò bá sì tètè tà ni wọ́n ń fi èéfín yan tàbí tí wọ́n ń lọ̀ ṣe sọ́séèjì kí ó má baà bàjẹ́. Àwọn oníbàárà wọn bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ẹran yíyan náà lórí bébà tí wọ́n fi dì í. Ní ìlú Lockhart, ọdún 1900 ni Kreuz Market bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìsọ̀ ẹran, fún ọ̀pọ̀ ọdún ni kò sì fún oníbàárà ní fọ́ọ̀kì tàbí sọ́ọ̀sì. Bí wọ́n bá gbé ẹran fún yín lórí bébà láìsí àwo nísinsìnyí, ẹ má ṣe kà á sí àrífín.

Bí ẹ bá ní owó ẹran kan ṣoṣo lọ́wọ́, igẹ̀ màlúù, tí wọ́n ń pè ní brisket, ni kí ẹ fi rà. Òun ni wọ́n fi ń mọ ọwọ́ ayanran ní Texas, òun sì ni ó ṣòro jù láti yan nílé. Àyà ni màlúù fi ń gbé púpọ̀ nínú ìwúwo ara rẹ̀, ìdí nìyẹn tí iṣan ibẹ̀ fi le koko, tí kì í sì í rọ̀ àfi bí iná jẹ́jẹ́ bá bá a lò fún wákàtí 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí inú ẹran yóò fi gbóná dé nǹkan bí 95 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà lójúfò lóru láti máa ti igi oak bọ iná. Ẹran náà sì ń dín kù gidigidi: igẹ̀ tútù tí ó wọn pọ́n-ùn 14 kì í sábà ku ju pọ́n-ùn 7 tàbí 8 lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gé ọ̀rá ara rẹ̀ kúrò, tí iná sì ti fa omi inú rẹ̀ jáde. Ìdí nìyí tí pọ́n-ùn kan rẹ̀ fi ti kọjá 30 dọ́là ní ọ̀pọ̀ ilé báábékíù tí òkìkí wọn kàn. Owó ńlá ni, ṣùgbọ́n èmi kì í bínú sí i bí iṣẹ́ náà bá dára.

Nígbà náà, báwo ni ẹ ó ṣe mọ̀ bóyá ó dára? Ẹ fa ègé kan yọ, kí ó nípọn tó pẹ́ńsù ìkọ̀wé, kí ẹ sì gbé àárín rẹ̀ lé orí ìka yín. Ègé tí ó jinná dáadáa yóò rọ̀ sílẹ̀ ní ìhà méjèèjì ìka láìjá. Lẹ́yìn náà, ẹ di ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì mú, kí ẹ rọra fà á: ó yẹ kí ó já pẹ̀lú ìwọ̀nba agbára. Bí ó bá ń fà bí rọ́bà, kò tíì jinná. Bí ó bá sì wó sílẹ̀ lórí ìka kí ẹ tó fà á, iná ti pọ̀ jù fún un, tàbí kí ó ti pẹ́ jù nínú ohun tí wọ́n fi ń mú un gbóná. Ẹ wo ara rẹ̀ náà. Èèpo ìta gbọ́dọ̀ dúdú, kí ó lẹ̀ mọ́ ẹran, kí iyọ̀ àti ata dúdú hàn nínú rẹ̀, ìlà pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tí èéfín fà sì máa ń wà lábẹ́ èèpo yẹn. Pupa náà kì í ṣe àmì pé ẹran kò jinná.

Apá méjì ni igẹ̀ ní, orúkọ wọn sì ṣe pàtàkì nítorí pé wọn yóò bi yín. Èyí tí wọ́n ń pè ní lean kò fi bẹ́ẹ̀ lọ́ràá, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì máa ń tètè gbẹ. Èyí tí wọ́n ń pè ní fatty tàbí moist nípọn, ọ̀rá sì wà láàárín ẹran rẹ̀. Ọ̀rá máa ń ba ẹlòmíràn lẹ́rù, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni adùn wà, nítorí pé ọ̀rá tí ó yọ́ dáadáa ń rọ ẹran náà lórí ahọ́n láìlẹ̀ mọ́ òkè ẹnu. Mo dá a lábàá pé kí ẹ gba ìdámẹ́rin pọ́n-ùn ti ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá lọ, kí ẹ sì fi ẹnu ara yín yàn. Bí ẹ bá rí i pé ègé tí wọ́n ti gé sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kó fún yín, ẹ fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gé tuntun, nítorí pé ègé igẹ̀ tí atẹ́gùn fẹ́ sí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ti ń gbẹ.

Sọ́séèjì ni mo kà sí ẹran tí owó rẹ̀ dára jù ní gbogbo ibẹ̀. Ẹyọ ni wọ́n sábà ń tà á, ẹyọ kan kì í sì í wọ́n bí ìdámẹ́rin pọ́n-ùn igẹ̀. Awọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dún nígbà tí eyín bá kàn án, kí omi ẹran sì tú jáde. Ohun kan wà tí ó yẹ kí Mùsùlùmí àti gbogbo ẹni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀ fara balẹ̀ bèèrè: ọ̀pọ̀ sọ́séèjì Texas jẹ́ ẹran màlúù àti ti ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n lọ̀ pọ̀, ọ̀bẹ kan náà àti pákó kan náà ni wọ́n sì sábà fi ń gé gbogbo ẹran. Ẹ lè bẹ̀ wọ́n kí wọ́n nu pákó tàbí kí wọ́n lo òmíràn, ṣùgbọ́n ẹni tí èyí kò tẹ́ lọ́rùn yóò nílò láti wá ilé oúnjẹ tí kì í ta ẹlẹ́dẹ̀ rárá.

Ti egungun ìhà gba ìṣọ́ra, nítorí pé orí òṣùwọ̀n kan náà ni ẹran àti egungun jọ ń gùn. Egungun ìhà ẹlẹ́dẹ̀ dára, kò sì wúwo. Ẹ gé ẹran náà jẹ, kí ẹ wo ojú ibi tí eyín yín kàn: ibẹ̀ nìkan ni ó yẹ kí ẹran kúrò, kí egungun rẹ̀ sì hàn funfun. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń yin èyí tí gbogbo ẹran rẹ̀ bá já bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n èyí já sí pé ó ti jinná jù. Egungun ìhà màlúù ní tirẹ̀ jẹ́ ohun ìyanu láti wò, ẹran orí rẹ̀ ga, ó dúdú, ó sì ń dán. Ẹyọ kan lè wọn pọ́n-ùn kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ kò sì lè ní kí wọ́n gé ìdajì rẹ̀ fún yín, nítorí náà owó ẹyọ kan lè wọ 40 dọ́là. Ẹni mẹ́ta ni ó yẹ kí ó pín in jẹ. Kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ni wọ́n ń yan án, nítorí ọ̀pọ̀ ilé báábékíù ń fi í pa mọ́ de òpin ọ̀sẹ̀.

Àwọn ènìyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ ka àyà tòlótòló sí, ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n yan, ó máa ń lómi, ó sì bá ẹni tí kò fẹ́ ọ̀rá mu. Adìyẹ kò tó ohun tí a ń torí rẹ̀ tò sórí ìlà. Èmi kì í ra ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fa ya ní Texas, nítorí pé àwọn ará North Carolina àti South Carolina ni ó mọ̀ ọ́n ṣe jù.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan ni ẹ lọ, ẹ wo oúnjẹ àwo kí ẹ tó ra ẹran lórí òṣùwọ̀n, nítorí pé àwo ẹran méjì sábà máa ń ní ẹ̀wà tàbí sàláàdì nínú owó kan náà. Ẹ bèèrè ìwọ̀n ẹran tí wọ́n ń fi sí i, kí ẹ sì ṣírò rẹ̀ lọ́kàn. Bí ẹ bá tó mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òṣùwọ̀n ló dára jù. Ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò pọ̀ lè ra búrẹ́dì tí wọ́n fi igẹ̀ gígé wẹ́wẹ́ sí láàárín, nítorí pé àwọn ìpẹ̀kun dúdú tí wọn kò lè gé sí ègé ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, owó rẹ̀ sì kéré púpọ̀ sí ti pọ́n-ùn ẹran.

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹni méjì ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní pọ́n-ùn igẹ̀ jẹ́ 32 dọ́là, pọ́n-ùn egungun ìhà ẹlẹ́dẹ̀ jẹ́ 26 dọ́là, sọ́séèjì kan sì jẹ́ 6 dọ́là. Ìdajì pọ́n-ùn igẹ̀ yóò jẹ́ 16 dọ́là, ìdajì pọ́n-ùn egungun ìhà yóò jẹ́ 13, a ó sì fi sọ́séèjì kan àti abọ́ ẹ̀wà kékeré olówó 4 dọ́là kún un, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 39 dọ́là. Ní Austin, olú-ìlú Texas, owó orí ọjà jẹ́ ìdá 8.25 nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí náà ohun tí ẹ ó san jẹ́ nǹkan bí 42 dọ́là kí ẹ tó fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ohunkóhun. Bí a bá yọ egungun kúrò, ẹran gidi ibẹ̀ sún mọ́ pọ́n-ùn kan, èyí tí ó tó ẹni méjì.

Nínú àwọn oúnjẹ tí a fi ń ti ẹran lẹ́yìn, ẹ̀wà nìkan ni mo sábà máa ń ra. Ọ̀pọ̀ ilé báábékíù àtijọ́ kì í gba owó lọ́tọ̀ lórí búrẹ́dì funfun, àlùbọ́sà tútù àti kùkúmbà inú fínígà, wọn kì í sì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán: kíkan fínígà àti títa àlùbọ́sà ni wọ́n ń gé ọ̀rá kúrò lẹ́nu kí adùn ègé tí ó kàn lè jáde. Ní ti sọ́ọ̀sì, ẹ jẹ ègé méjì àkọ́kọ́ láìfi kàn án. Bí ẹran náà bá gbẹ, ẹ lo sọ́ọ̀sì láìjanpata.

Àkókò tí ẹ bá lọ ṣe pàtàkì bí iye owó tí ẹ mú lọ. Ohun tí wọ́n yan lóru ni wọ́n ní láti tà, bí ó bá sì tán, ó tán nìyẹn. Ní Franklin Barbecue, tí ó bẹ̀rẹ̀ nínú ọkọ̀ àfàkiri ní Austin ní ọdún 2009, àwọn oníbàárà ń tò kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Ọjọ́ Àbámẹ́ta nìkan ni ilé báábékíù Snow's ní ìlú Lexington ń ta ẹran, láti òwúrọ̀ kùtùkùtù. Ní ọdún 2024, Michelin, ìwé atọ́nà tí ń fi ìràwọ̀ dá àwọn ilé oúnjẹ lọ́lá, fún ilé báábékíù mẹ́rin ní Texas ní ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Inú mi dùn fún wọn, nítorí pé iṣẹ́ òru gígùn ni iṣẹ́ wọn. Síbẹ̀, bí ẹ kò bá ní ju ọ̀sán kan lọ, ẹ lọ ní àárín ọ̀sẹ̀, ní agogo mọ́kànlá òwúrọ̀, sí ilé tí ìlà rẹ̀ kò gùn, kí ẹ sì fi ìka wọn igẹ̀ rẹ̀ wò bí mo ti ṣàlàyé.

Bí ẹran bá ṣẹ́ kù, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n bá yín dì í, ó sàn kí ó jẹ́ odidi ègé ńlá tí wọn kò tíì là. Nílé, ẹ wé e sínú bébà fàdákà pẹ̀lú omi ẹran díẹ̀, kí ẹ fi sínú ààrò tí iná rẹ̀ kò pọ̀ títí yóò fi gbóná dé inú, kí ẹ má sì gé e títí ẹnu gbogbo ẹni tí yóò jẹ ẹ́ yóò fi pé nídìí tábìlì.